Jẹunsùn Kì í Ṣe Oògùn

Àpòmù,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kọkànlá, 2024.

Bọ̀ọ̀dá Àbídì,

Mo kí yín. Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó tí ẹ ń wẹ̀ fún, tí ẹ ń bá gé èékánná. Mo mọ̀ pé ìkíni yìí máa bí yín nínú. Ẹ bínú ná, kí ẹ wá ka ìyókù.

Inú lẹ́tà ni mo kọ ọ̀rọ̀ sí torí pé ẹ ti já fóònù mọ́ mi létí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lẹ́tà ò ṣeé já. Fẹ́rànmí tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń tún ọ̀kadà ṣe ló ń bá mi fi í ránṣẹ́ sórí ìmeèlì yín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí a bá ń jà lórí fóònù, Màámi máa ń gbọ́, tí wọ́n bá sì ti gbọ́ pé àwa ọmọ wọn ń jà, wọ́n á ní ara àwọn ti yá.

Ara wọn ò yá. Ohun tí Soliat sọ fún yín, ó yọ ibi tó le kúrò nínú ẹ̀, ẹ mọ̀ pé àbúrò wa yẹn ò lè sọ ohun tó máa pa èèyàn lẹ́kún. Èmi máa sọ ọ́. Màámi ń din dòdò ní Ìkirè láàárọ̀ Sátidé, ọwọ́ ọ̀tún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í já fúnra rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ òsì dì í mú, kò dúró. Ṣíbí já bọ́ sínú epo gbígbóná. Àwọn oníbàárà sá sẹ́yìn, ẹnì kan ń pariwo pé gìrì ni, ká lọ wá ọṣẹ dúdú. Èmi ni mo ń já ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí ọ̀kadà lọ́wọ́. Mo gbé wọn, ó di Ìbàdàn.

Wọ́n yàwòrán orí wọn nílé ìwòsàn. Dókítà Adérónkẹ́, obìnrin kúkurú kan tí kì í rẹ́rìn-ín, pè mí pé kí n wá wò ó. Ó ní nǹkan náà ò sí nínú ọpọlọ, pé ara awọ tó bo ọpọlọ ló lẹ̀ mọ́, ó tẹ́ pẹrẹsẹ síbẹ̀. Ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó máa ń lẹ̀ síbẹ̀, kókó kan báyìí ni tó máa ń dàgbà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àmọ́ àwọn nǹkan míì wà tó máa ń wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú kókó yẹn. Ó ní, "Àwòrán ò lè sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ gé bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò."

Ẹ̀yin wá pàṣẹ láti òkè òkun pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan orí ìyá yín. Ẹ ní ọ̀rẹ́ yín Khalid tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ àwòrán ti wò ó. Níbo ló ti wò ó? Lórí fóònù, nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fúnra yín. Ẹ kí i fún mi. Ẹ sọ fún un pé tí ọ̀kadà bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, èmi náà á tún un ṣe látinú bọ́ọ̀sì.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín. Ẹ pe Bàbá Gàrúbà, àbúrò bàbá wa, kí ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ sí i. Wọn ò ní gbọ́ tèmi. Ilé-ìwé Ìkirè-Ilé lásán lèmi lọ, ẹnu yín ló ń ṣí ilẹ̀kùn nílé yìí.

Èmi ni,
Nasrullah tí kò gbọ́n.


Hull, England,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá, 2024.

Nasrullah,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Mi ò tètè dáhùn torí mo fẹ́ kí inú mi kọ́kọ́ rọ̀. Kò rọ̀.

Ìwọ tí ò ń fọ kábúrétọ̀, o ti wá di oníṣẹ́ ọpọlọ? Orúkọ nǹkan tó wà lórí Màámi ni meninjiómà. Nínú ẹni mẹ́wàá tí wọ́n bá rí irú àwòrán yẹn lórí wọn, mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé òun ni. Màmá òyìnbó kan wà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tó ti ní i tipẹ́, ó ń jẹun, ó ń bá wa ta káàdì, ó tún ń rẹ́ wa jẹ. Kò sẹ́ni tó gé ohunkóhun lórí ẹ̀. Tí kókó náà bá dàgbà, ká wá yọ ọ́. Tí kò bá dàgbà, ká fi í sílẹ̀. Ẹ wá fẹ́ la orí ìyá mi torí pé dókítà kan ò rẹ́rìn-ín! Tí ohunkóhun bá ṣe wọ́n lórí tábìlì níbẹ̀, ọwọ́ rẹ ni mo ti máa bèèrè wọn.

Mo ti pe Bàbá Gàrúbà. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ kejì. Àwòrán Màámi tí Soliat gbé sórí fóònù rẹ̀ níjọ́sí, ta ló ní kó gbé e? Gbogbo egungun ọrùn wọn ló jáde síta. Ìyá Fáìsátù, aládùúgbò yín, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé ṣé Òkè Òkun ni mo wà lóòótọ́ àbí Ṣàgámù, pé ìyá mi ti gbẹ. Àwọn ará Ìkirè tó wà níbí náà rí i. Ojú tì mí, mi ò parọ́. Ẹ ya àwòrán míì tó dáa. Kí wọ́n múra. Kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó yà á.

Tí o bá rí ẹni tó ń bọ̀, fi dòdò ránṣẹ́ sí mi. Èyí tó dúdú dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àbídì.


Àpòmù,
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní, 2025.

Bọ̀ọ̀dá Àbídì,

Ẹ kú ọdún tuntun o. Mo jíṣẹ́ yín fún Màámi, pé ẹ fẹ́ àwòrán tó dáa. Òun ló wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ wo bí ọrùn ṣe kún. Kí inú yín dùn.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan kọ́. Orí ò fọ́ wọn mọ́. Ọwọ́ ò já mọ́. Wọ́n ń din dòdò, wọ́n ń bú mi pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo gbé wá ò tíì pọ́n tó. A padà lọ yàwòrán orí, nǹkan náà ti súnkì. Mo fi ojú ara mi rí i, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ ò mọ ohun tí ojú mi ń rí nílé láti ìgbà yẹn. Bàbá Gàrúbà ní àdúrà àwọn ni. Wọ́n ti sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n tún dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró ní títì láti sọ ọ́ fún awakọ̀ tí kò mọ̀ wá rí. Wọ́n ní, "Ìwọ Nasrullah, ìwọ tí ò ń sáré kiri pẹ̀lú ọ̀bẹ." Mo ní, "Bàbá, èmi kọ́ ni mo ní ọ̀bẹ." Wọ́n ní kí n dákẹ́.

Ẹni kan ṣoṣo tí kò yọ̀ ni Dókítà Adérónkẹ́. Ó gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan ẹ̀ kó. Ó ní, "Kókó tí gbogbo yín ń pè é yìí kì í súnkì báyìí." Ó wá bi Màámi: "Màmá, oògùn wo lẹ̀ ń lò?"

Màámi ní, "Mi ò lo oògùn kankan."

"Kò sí àgbo?"

"Kò sí àgbo. Kò sí agúnmu, dókítà. Ọlọ́run ló ṣe é."

Ó yíjú sí Soliat, Soliat náà ní kò sí. Ó yíjú sí mi, mo ní mi ò mọ̀. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó ní ká padà wá tí ohunkóhun bá yí padà. Ó yẹ kí n máa jó. Mi ò mọ ìdí tí mi ò fi lè jó.

Nasrullah.


Hull,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì, 2025.

Nasrullah,

Ṣé o rí i pé mo tètè dáhùn lónìí? Lẹ́tà ayọ̀ kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ti fi àwòrán Màámi han gbogbo ayé. Khalid wò ó, ó ní, "Ṣé ẹni tí ẹ fẹ́ la orí ẹ̀ nìyí?" A rẹ́rìn-ín títí. Àbúrò mi, ẹni tó ní jẹjẹrẹ kì í sanra. Rírù ló máa ń rù. Kò di dandan kéèyàn lọ yunifásítì kó tó mọ ìyẹn.

Dókítà yín ń bínú torí pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ má lọ bá a mọ́. Kí Bàbá Gàrúbà pa àgbò, kí wọ́n fún ẹ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, kó o lè fi tún ọpọlọ tìẹ ṣe.

Dòdò dà?

Àbídì.


Ìbàdàn, ní ọgbà ilé ìwòsàn,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta, 2025.

Bọ̀ọ̀dá Àbídì,

Mi ò ní kí yín púpọ̀. Ẹ kú ààwẹ̀.

Màámi ti ṣubú. Kí ọ̀sẹ̀ kejì ààwẹ̀ tó parí ni orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn padà, wọ́n ń fi pamọ́ fún wa. Wọ́n ní ebi ni. Lánàá, bí wọ́n ṣe fẹ́ dìde kírun, ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbé wọn. Ọwọ́ tún ń já, èyí tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó gba ojú wọn. Ẹnu wọn wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n yàwòrán. Nǹkan yẹn ti padà dé, ó ti fẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàbá Gàrúbà ò rí ẹnikẹ́ni ní títì sọ ti èyí fún.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka ibi tó kàn. Dókítà Adérónkẹ́ dúró létí bẹ́ẹ̀dì, ó tún bèèrè pé, "Màmá, oògùn wo lẹ̀ ń lò?" Wọ́n tún ní àwọn ò lo oògùn. Ó yíjú, ó fẹ́ máa lọ. Màámi wá fa Soliat mọ́ra, wọ́n rò pé ohùn àwọn ò ròkè, wọ́n ní, "Soliat, ṣé wọ́n ní aláìsàn lè má gbààwẹ̀?"

Soliat ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, bá mi mú jẹunsùn mi wá láti ilé. Ó wà nínú agolo mílíìkì."

Dókítà dúró gbọn-in. "Kí ni jẹunsùn?"

Màámi ní, "Áà, dókítà, kì í ṣe oògùn. Jẹunsùn ni. Èèyàn á lò ó, á jẹun, á sùn, ara á kún. Gbogbo wa la ń lò ó."

"Kóró ni?"

"Kóró wẹ́wẹ́ ni. Àmọ́ kì í ṣe oògùn o. Oògùn wà fún aláìsàn."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tí dókítà yẹn rẹ́rìn-ín nìyẹn, kì í sì í ṣe ẹ̀rín tó dáa. Mo gun ọ̀kadà lọ Ìkirè, mo gbé agolo náà dé. Ìyá Fáìsátù tó ń ta àlùbọ́sà ló ń ta kóró náà fún wọn, nínú ọ̀rá, ó ń kà á fún wọn bí ẹní ń ka èkùrọ́. Dókítà wò ó, ó mọ̀ ọ́n. Ó ní oògùn ni, oògùn tó lágbára gan-an, òun gan-an náà ló máa ń fún aláìsàn, àmọ́ pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ó ní ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, kí oúnjẹ máa wu èèyàn jẹ. Ó sì ní nǹkan míì tó máa ń ṣe: irú àìsàn kan wà tó jẹ́ pé tó bá ti kan oògùn yìí, á yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Kò kú o. Ó kàn fara pamọ́ ni. Tí oògùn bá ti dáwọ́ dúró, á padà dé. Kókó tiyín, ti Khalid, kì í gbọ́ tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ti wá mọ ìdí tó fi jẹ́ inú ààwẹ̀ ló padà dé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n máa ń lò ó. Kò sí oúnjẹ ọ̀sán nínú ààwẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Dókítà fẹ́ gé bíńtín yẹn. Àmọ́ tí jẹunsùn bá wà nínú ara wọn, ohun tó máa gé á dàbí ẹran òkú lásán, kò sẹ́ni tó máa lè mọ orúkọ àìsàn náà. Ó ní ara wọn ti gbójú lé kóró yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣubú nígbà tí wọ́n já a sílẹ̀ lójijì. Díẹ̀ tí ara wọn ò lè ṣe aláìní ni nọ́ọ̀sì máa fún wọn, láti ọwọ́ nọ́ọ̀sì nìkan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fún wọn ní kóró kan títí wọ́n á fi gé e. Orí ń fọ́ wọn, Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ń ké. Soliat ò lè gbọ́ igbe yẹn kó má sunkún, Bàbá Gàrúbà sì ti ní àwọn á mú jẹunsùn wá lábẹ́ agbádá àwọn, kí aláìsàn rí ìtura.

Ẹ pè wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n má mú un wá. Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Lẹ́ẹ̀kan yìí nìkan, ẹ gba tèmi gbọ́.

Nasrullah.


Hull,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹta, 2025.

Nasrullah,

Soliat gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ké. Ìwọ jókòó níbẹ̀, ò ń kọ lẹ́tà.

Ohun tó mú ara wọn yá níjọ́sí lo ń gbà lọ́wọ́ wọn. Fún wọn ní kóró náà lónìí. Mo ti sọ fún Bàbá Gàrúbà bẹ́ẹ̀. Tí o bá kọ̀, má pe ara ẹ ní àbúrò mi mọ́.

Àbídì.


Ìbàdàn,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹrin, 2025.

Ẹ̀yin Àbídì,

Ẹ ní kí n má pe ara mi ní àbúrò yín mọ́, ìdí nìyẹn tí Bọ̀ọ̀dá ò fi sí níwájú orúkọ yín.

Mi ò fún wọn. Mo gbé agolo náà, mo wọ ọkọ̀ padà sí Ìkirè, nígbà tí a dé orí afárá Aṣéjíre, mo da gbogbo ẹ̀ sínú odò. Tí ẹ bá gbọ́ pé àwọn ará Ìbàdàn tó ń mu omi ẹ̀rọ láti ibẹ̀ sanra lọ́dún yìí, ẹ ti mọ ohun tó fà á.

Bàbá Gàrúbà ra òmíràn. Mo rí ọ̀rá náà lábẹ́ fìlà wọn nígbà tí wọ́n wá kí Màámi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fìlà." Wọ́n ní ṣé èmi ni mo máa ní kí àwọn ṣí fìlà níwájú àwọn obìnrin. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo àwọn aláìsàn, mo sì di kókósẹ̀ wọn mú. Mo ní mi ò ní dìde àfi tí wọ́n bá gbé e fún mi. Nọ́ọ̀sì rò pé ìkíni ni, ó ní mo mà lẹ́kọ̀ọ́ o. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e fún mi. Wọ́n ṣépè fún mi díẹ̀. Soliat ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Màámi fúnra wọn wò mí, wọ́n ní, "Nasru, kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Kò sí èyí tó dùn mí tó ìyẹn. Ti lẹ́tà yín ò dùn mí rárá.

Inú ààwẹ̀ náà ni wọ́n gé e, ó ku díẹ̀ kó parí. Èmi ni mo fọwọ́ sí i, mi ò dúró de Bàbá Gàrúbà mọ́. Wọ́n fá irun wọn, wọ́n lu ihò kan sí egungun orí, wọ́n mú ohun tí wọ́n fẹ́ mú. Gẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe tán, dókítà ní kí nọ́ọ̀sì fún wọn ní oògùn náà, ojúlówó ẹ̀, bó ṣe yẹ kí wọ́n lò ó. Lọ́jọ́ kejì, orí ti fúyẹ́. Ilé ìwòsàn la ti ṣe ìtúnu ààwẹ̀, sèmó tútù la jẹ. À ń dúró de èsì.

Tó bá jẹ́ pé kókó yín ni, mo máa wá dọ̀bálẹ̀ fún yín lórí ìmeèlì.

Nasrullah.


Àpòmù,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 2025.

Bọ̀ọ̀dá Àbídì,

Ẹ ò fèsì. Fóònù yín ń dún, ẹ ò gbé e. Mo ti dá Bọ̀ọ̀dá yín padà fún yín, torí pé mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sì ní ẹ̀gbọ́n míì.

Èsì ti dé. Kì í ṣe kókó. Mi ò dọ̀bálẹ̀.

Jẹjẹrẹ ni. Ẹ má tíì sunkún, ẹ kà á tán. Dókítà Adérónkẹ́ ní àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó máa ń bá àìsàn jà. Nígbà míì, àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn náà á ya ìyàkuyà, wọ́n á máa bí sí i láìdúró. Lìmfómà ni wọ́n ń pè é. Ó wọ́pọ̀ lọ́rùn, ó wọ́pọ̀ lábíyá, àmọ́ kò wọ́pọ̀ rárá kó jókòó sára awọ tó bo ọpọlọ. Ó ní ọ̀pọ̀ dókítà ló máa ṣiṣẹ́ títí dé ọjọ́ ìfẹ̀yìntì tí kò ní rí ẹyọ kan. Tó bá sì jókòó síbẹ̀, bí kókó gẹ́lẹ́ ló máa ń rí nínú àwòrán. Khalid ò purọ́. Ó kàn sọ orúkọ ẹni tó jọ ọ́ ni.

Soliat gbọ́ jẹjẹrẹ, ó ṣubú lulẹ̀. Dókítà ní kó dìde. Ó ní orúkọ rẹ̀ burú ju ti kókó lọ, àmọ́ ìwà rẹ̀ dáa ju orúkọ rẹ̀ lọ. Irú tiwọn yìí kì í sáré, kò tíì kúrò lójú kan, wọ́n sì ti yẹ gbogbo ara wọn wò, kò sí níbòmíì. Wọn ò ní la orí wọn. Ẹ̀rọ ìtànṣán ni wọ́n máa fi lé e, ó sì máa ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Ó ní ẹni púpọ̀ ló máa ń bọ́ nínú ẹ̀ pátápátá. Ká ní a ṣe bí ẹ ṣe wí, ká máa wò ó, títí wọn ò fi ní lè gbé ẹsẹ̀ mọ́ là bá máa wò ó.

Ọ̀rọ̀ tó kù, mi ò fẹ́ kọ ọ́. Àmọ́ ẹni tó ní ojú ti òun torí pé ìyá òun gbẹ, ó yẹ kó gbọ́ ọ.

Mo bi Màámi pé kí ló dé tí wọ́n fi ń lo jẹunsùn. Wọ́n kọ́kọ́ ní ara ló ń wu àwọn. Mo ní irọ́ ni. Wọ́n wá ní, "Àbídì ní kí n ya àwòrán tó dáa. Ìyá Fáìsátù ní wọ́n ń fi mí ṣe ọmọ mi ní yẹ̀yẹ́ níbẹ̀ yẹn, pé kò tọ́jú mi. Ó sì ń tọ́jú mi. Ẹnu kí n máa fi sọ ọ́, àbí ara?"

Ẹ ti gbọ́ ọ. Ìyá Fáìsátù ló sọ fún yín pé wọ́n gbẹ, òun náà ló ta ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún wọn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ẹ fi han gbogbo ayé, tí ẹ̀yin àti Khalid fi rẹ́rìn-ín, torí tiyín ni wọ́n ṣe rà á lọ́wọ́ alálùbọ́sà. Ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àìsàn pamọ́ fún dókítà títí á fi pa wọ́n. Wọn ò purọ́ fún dókítà. Lójú wọn, oògùn kọ́ ni. Orúkọ yín ni wọ́n ń bọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ìtànṣán. Tí ẹ ò bá ní ọ̀rọ̀ fún èmi, ẹ ní ọ̀rọ̀ fún wọn.

Nasrullah.


Hull,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Karùn-ún, 2025.

Nasrullah àbúrò mi,

Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Gbogbo ibi tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ló ń dàbí irọ́, mo wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo pe Màámi lánàá. Mo ní, "Màámi, ẹ má bínú." Wọ́n ní, "Nítorí kí ni? Ṣé o ti jẹun?" Mo ní mo ti jẹun. Mo wẹ̀ fún màmá òyìnbó yẹn láàárọ̀ yìí, mo wo egungun ọrùn rẹ̀, mi ò mọ̀gbà tí omi bọ́ lójú mi. Ó bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ìwọ ló sì mú kó rí bẹ́ẹ̀, olóríkunkun.

Mo ti pe Ìyá Fáìsátù. Ohun tí mo sọ fún un, mi ò lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí ọmọbìnrin kọ̀ǹpútà máa kà.

Tí ìtọ́jú bá parí, fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sí mi. Bí wọ́n bá ṣe rí. Kí wọ́n má múra.

Àbídì.


Àpòmù,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Keje, 2025.

Bọ̀ọ̀dá Àbídì,

Mo kí yín dáadáa lónìí. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn yín tí Soliat ní ẹ ń yọ̀ mọ́ bí ẹni rí owó he. Fẹ́rànmí gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa òun, ó ní òun kì í ka lẹ́tà ẹni, àti pé ẹ ò mọ lẹ́tà kọ.

Ìtànṣán ti parí. Wọ́n yàwòrán, dókítà gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó bi Màámi pé, "Màmá, oògùn wo lẹ̀ ń lò?" Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ti dókítà, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ata ilẹ̀, oyin, omi gbígbóná, àádùn tí wọ́n jẹ nínú ọkọ̀. Ó ní ó ti tó. Ó rẹ́rìn-ín, èyí tó dáa. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan mélòó kan ni a ó máa padà lọ kí ó máa yẹ̀ wọ́n wò, torí ó ní òun ò gba nǹkan tó mọ̀ ọ́n fara pamọ́ gbọ́.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì ń wọ́lẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í din dòdò padà, Soliat ló ń dì í, èmi ni mo ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n tó wá. Bàbá Gàrúbà ti ń sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí pé àwọn ni wọ́n fọwọ́ sí i kí wọ́n gé e. Mo fi wọ́n sílẹ̀.

Àwòrán tí ẹ béèrè, Soliat ti fi ránṣẹ́ níjẹta. Nígbà tó fẹ́ yà á, Màámi mú ìborùn, wọ́n fẹ́ fi bo ibi tí irun ò tíì hù. Wọ́n tún fi í sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé kò ní tì í lójú?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó tì í."

Láàárọ̀ yìí, Soliat ṣí fóònù, ó pariwo pè wá. Ẹ ti gbé àwòrán náà síwájú orúkọ yín, níbi tí àwòrán ẹ̀yin àti mọ́tò tí kì í ṣe tiyín wà tẹ́lẹ̀. Ìyá wa ni, orí gbalasa, àpá níbẹ̀, gbogbo egungun ọrùn síta, wọ́n ń wo ẹni tó ń yà wọ́n bí ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè àlàyé.

Ìyá Fáìsátù wà níbẹ̀. Ó wá tọrọ àforíjì pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ó wo fóònù, ó gbàgbé ohun tó bá wá, ó ní, "Háà, Ìyá Àbídì! Ẹ mà rù o. Ṣé èyí ni ọmọ yín gbé síta fún gbogbo ayé?"

Màámi ò gbójú sókè nídìí agbada. Wọ́n yí dòdò padà.

"Mo rù," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi sì rí i."

Dòdò yín wà lọ́wọ́ Abdulkareem, ará àdúgbò wa tó máa wá sí Hull lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ata ti pọ̀ jù níbẹ̀, ọwọ́ wọn ò tíì mọ ìwọ̀n. Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò yín,
Nasrullah.